Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnì? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ń Wa Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ nínú Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ

Corolla ọdún 2005 ni ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà. Tòkunbọ̀ ni, Amẹ́ríkà ni ó sì ti wá. Mẹkáníìkì tí ó ṣe sáfíìsì rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ ìwé pélébé kan mọ́ igun gíláàsì iwájú, ó wo iye tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, ó fi 5,000 kún un, ó sì ní bí ó bá ti dé ibẹ̀ kí n gbé e padà wá. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tẹ̀lé ìwé yẹn láìyẹsẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, nítòsí Ògèrè lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, iná pupa tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tàn. Mo ya sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnì, mo fa géèjì, ọ̀pá irin tí a fi ń wo iye ọ́ìlì, yọ, ọ́ìlì kò sì kan ẹnu rẹ̀ rárá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé máìlì ni ọkọ̀ náà ń kà, kì í ṣe kìlómítà. 5,000 tí èmi ń pè ní kìlómítà ti lé ní kìlómítà 8,000, ọ́ìlì tí ó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ó lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú ìrìn Èkó.

Nítorí náà, kí a tó dáhùn ìbéèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ó yẹ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń kà. Corolla yìí, tí ó ní ẹ́ńjìnì 1.8 tí Toyota ń pè ní 1ZZ-FE, ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó pọ̀ lójú títì wa, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ lè tẹ̀lé ìlànà kan náà, kí ó sáà wo ìwé ìlò ọkọ̀ tirẹ̀ fún iye lítà àti irú ọ́ìlì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ̀ bóyá máìlì ni tàbí kìlómítà

Ẹ wo ojú ibi tí ó ń fi eré ọkọ̀ hàn. Bí ó bá jẹ́ pé MPH ni a fi nọ́ńbà ńláńlá kọ, tí km/h sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, máìlì ni ó sì ń kà. Èyí tí ó bá ti Kánádà wá sábà máa ń ka kìlómítà, bí ó tilẹ̀ jọ ti Amẹ́ríkà nínú ohun gbogbo mìíràn. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ ṣí àwòrán ọ̀nà Google lórí fóònù yín, kí ẹ wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà mẹ́wàá. Bí iye ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá fi mẹ́wàá lọ sókè, kìlómítà ni. Bí ó bá fi mẹ́fà lọ sókè, máìlì ni.

Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń ka máìlì, 3,100 ni yóò fi kún iye tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ kọ èyí sínú ìwé kékeré kan kí ẹ sì fi í sínú píjìn-hóòlù iwájú ọkọ̀, nítorí pé ẹni tí yóò ṣe sáfíìsì tí ó ń bọ̀ lè má jẹ́ ẹni tí ó ṣe èyí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka wákàtí pẹ̀lú ọ̀nà

Ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ nílé ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Jẹnẹrétọ̀ kì í rìn, kò ní táyà, kò sí kìlómítà kankan tí a ó kà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ń bàjẹ́. Ìwé ìlò àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré Honda ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ní wákàtí 100 sí 100 tàbí oṣù mẹ́fà sí mẹ́fà. Wákàtí ni wọ́n ń kà níbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń ṣe ni ó ń jẹ ọ́ìlì run. Ọkọ̀ ní ọ́ìlì púpọ̀ ju jẹnẹrétọ̀ lọ, ó sì ní fíltà, ìdí nìyẹn tí wákàtí tirẹ̀ fi lè gùn jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ́ìlì gbà ń bàjẹ́ nínú méjèèjì kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni méjì. Ọ̀kan ń ti Ìlọrin lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un, ó sì ń rin kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Kí ó tó rin kìlómítà 5,000, ẹ́ńjìnì rẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 83. Ẹnì kejì ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò sì jẹ́ kí ó rìn ju kìlómítà 15 lọ ní wákàtí kan. Kìlómítà 5,000 kan náà yóò gba ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ní wákàtí 333. Ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ ni ọ́ìlì ẹnì kejì ṣe, ìwé tí mẹkáníìkì lẹ̀ mọ́ gíláàsì àwọn méjèèjì kò sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Ford tilẹ̀ máa ń ka wákàtí kan tí ọkọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà bá fi dúró lójú kan láìpa ẹ́ńjìnì sí nǹkan bí máìlì 33, ìyẹn kìlómítà 53.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ́ìlì nínú gbogbo wákàtí yẹn? Nígbàkigbà tí bẹntiróò bá jó nínú ẹ́ńjìnì, díẹ̀ nínú èéfín, ooru omi àti bẹntiróò tí kò jó tán máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì kọjá lọ sínú ọ́ìlì. Àwọn èròjà kan wà nínú ọ́ìlì tí ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ, tí ń gbá èérí mú kí ó má baà dì mọ́ ara irin. Àwọn mìíràn ń pa ásíìdì tí iná bẹntiróò ń mú jáde, àwọn mìíràn sì ń dáàbò bo irin níbi tí wọ́n ti ń ha ara wọn. Àwọn èròjà wọ̀nyí ni ó máa ń tán. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ lè ṣì kún dé ojú àmì lórí géèjì, kí ó sì ti di omi lásán tí kò ní agbára mọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, yóò di ẹrẹ̀ dúdú tí ó máa ń dí ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà gun orí ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ sì ni ariwo kẹ̀kẹ̀kẹ̀ òwúrọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì yín fi ń ṣiṣẹ́ àti iye kìlómítà tí ẹ rìn sílẹ̀, kí ẹ sì fi wákàtí pín kìlómítà. Bí iye tí ẹ bá rí bá dín sí 20, ẹ ka ara yín mọ́ àwọn tí ọkọ̀ wọn ń ṣe iṣẹ́ líle.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan iye tiyín

Toyota ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì Corolla ọdún 2005 yìí ní máìlì 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà ní Amẹ́ríkà. Fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tuntun tí ń lo ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì (èyí tí a ṣètò ní ilé-iṣẹ́ kí ó lè pẹ́ ju ọ́ìlì lásán lọ) tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0W-20, ó sún un sí máìlì 10,000 tàbí ọdún kan. Iye kejì yìí ni àwọn ènìyàn wa máa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bá mẹkáníìkì jiyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ìwé kan náà to àwọn ipò kan jọ tí ó fi ní kí a padà sí máìlì 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà: ojú ọ̀nà eléruku, fífa ẹrù wúwo, àti kí ọkọ̀ máa dúró lójú kan tàbí kí ó máa rá pálá fún ìgbà pípẹ́ bíi ti táksí. Ẹni tí ó bá ka àkójọ náà lórí afárá Third Mainland ní agogo méje àárọ̀ yóò rò pé Èkó ni wọ́n ń ṣàpèjúwe láìdárúkọ rẹ̀.

Èyí tí èmi ń tẹ̀lé, tí mo sì ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí, nìyí. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì lásán tí kì í ṣe síńtẹ́tíìkì, kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí. Fún ẹni tí ó ń gbé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kìlómítà 4,000 tàbí oṣù mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ síńtẹ́tíìkì gidi, kìlómítà 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà fún ẹni àkọ́kọ́, àti 6,000 fún ẹnì kejì. Èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́mì-síńtẹ́tíìkì, mo ń ṣe é bí ọ́ìlì lásán, nítorí pé kì í sí ohun tí ó sọ fún wa iye síńtẹ́tíìkì tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú kìlómítà àti oṣù ni kí a tẹ̀lé.

Àwọn kan wà tí iye yìí kò bá mu. Ọkọ̀ tí ó ní tọ́bò kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 5,000, irú ọ́ìlì yòówù kí ó jẹ́, nítorí pé ooru tọ́bò máa ń sun ọ́ìlì. Awakọ̀ tí ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò ní ojoojúmọ́ lè rin 5,000 láàárín oṣù kan, ó sì gbọ́dọ̀ gbà pé oṣooṣù ni tirẹ̀. Tòkunbọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tà á gbọ́ pé òun ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé ilé, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn kìlómítà 1,000, nítorí pé ọ́ìlì tuntun àkọ́kọ́ yóò ti tú èérí àtijọ́ sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ tí a kàn gbé kalẹ̀ sínú ọgbà, tí a ń fi lọ sí ilé ìjọsìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òun náà ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun ní oṣù mẹ́fà. Ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná tó láti lé omi inú ọ́ìlì jáde, omi yẹn ni ó sì ń ba irin jẹ́.

Ní ìdàkejì, ẹni tí kì í rìn ju kìlómítà 600 lọ lóṣù kan, tí ó da síńtẹ́tíìkì olówó gọbọi sínú ọkọ̀, tí ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́ta nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, owó ni ó ń dà sílẹ̀ lásán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ra ọ́ìlì àti fíltà fúnra yín

Nọ́ńbà méjì ni ó wà lára kéègì, bíi 5W-30 tàbí 20W-50. Èyí tí ó wà níwájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. Èyí tí ó tẹ̀lé e ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná. Toyota kọ 5W-30 fún Corolla yìí ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé ẹ́ńjìnì náà ti gbó, pé ọ́ìlì tí ó ki bíi 20W-50 ni ó lè mú un dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí tirẹ̀, nítorí pé ọ́ìlì tí ó ki máa ń dín jíjẹ ọ́ìlì kù nínú ẹ́ńjìnì tí ríìngì rẹ̀ ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì VVT-i bíi ti Corolla yìí, tí ó ń fi ọ́ìlì yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ nínú àwọn ihò tóóró, ọ́ìlì tí ó ki jù sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé orí ẹ́ńjìnì ní òwúrọ̀. Bí ẹ́ńjìnì yín kò bá jẹ ọ́ìlì, ẹ má ṣe kúrò lórí ohun tí ìwé sọ. Bí ó bá ń jẹ ẹ́, 10W-40 ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò kí n tó ronú kan èyí tí ó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá lẹ́tà API, ìyẹn àjọ ilé-iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà tí ń pín ọ́ìlì sí ìpele, lára kéègì náà. Fún ọkọ̀ bẹntiróò, S ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kejì ni ó sì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: bí ó bá ṣe súnmọ́ òpin ááfábẹ́ẹ̀tì tó ni ó ṣe jẹ́ tuntun tó. SP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, àti SN tí ó wà ṣáájú rẹ̀ dára fún Corolla yìí. Ẹ óò ṣì rí kéègì tí a kọ SF sí lára lórí igbá. API fúnra rẹ̀ sọ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnì tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 1988. Kì í ṣe ayédèrú, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n olówó pọ́ọ́kú ni, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tà.

Ti ayédèrú tún yàtọ̀. Wọ́n máa ń sẹ́ ọ́ìlì dúdú tí a ti lò, wọ́n á pa á láró, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú kéègì gidi tí wọ́n ṣà ní ẹ̀bá ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹ wo ìdérí dáadáa: òrùka tí ó so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ wà lódidi, kí ó sì já nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Ẹ wo nọ́ńbà àti ọjọ́ tí a tẹ̀ sára kéègì bóyá a ti ha á. Bí ẹ bá rọ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ọ́ìlì tuntun kì í rùn bí ohun tí ó jóná. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ ní ibì kan ṣoṣo tí ẹ ti ń ra á, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá, yálà ní Ladipo tàbí ní Agodi Gate, dípò kí ẹ máa fi owó rán ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ẹ ra fíltà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà gbogbo. Corolla yìí ń gba lítà 3.7 bí a bá pààrọ̀ fíltà, àti lítà 3.5 bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọ́ìlì ẹlẹ́gbin tí yóò kù sínú fíltà àtijọ́, tí yóò sì dàpọ̀ mọ́ tuntun láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ máa fa géèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Bí mo bá ti ń ṣe èyí ni, n kì bá tí dúró ní Ògèrè. Àwọn ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ṣáájú ọdún 2003, tilẹ̀ lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì, nítorí pé ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì wọn kéré jù. Kò sí iye kìlómítà tí ó lè gba ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì rẹ̀ ti tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ tó ta ọkọ̀ síná, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi àkísà tí ó mọ́ nù ún, ẹ tì í padà dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì, kí ó súnmọ́ ti òkè. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ẹ bu irú ọ́ìlì kan náà kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún wò ó.

Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ dúdú dẹ́rù bà yín. Ọ́ìlì tí ó bá ṣú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó ń kó èérí mọ́ra. Àwọn àmì tí ó yẹ kí ó lé yín dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọ́ìlì tí ó funfun bí omi ẹ̀kọ, nítorí pé omi rádíétọ̀ ti ń wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ọ́ìlì tí ó ń rùn bí bẹntiróò. Àti ọ́ìlì tí ẹ fi ìka méjì ra tí ó ń ṣe bí ìyanrìn.

Iná pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò dúró fún géèjì. Agbára tí ọ́ìlì fi ń tú jáde ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe iye rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa tàn, irin lè ti máa ha irin. Bí ó bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ rọra wà á dé ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Pípààrọ̀ rẹ̀ gan-an

Ẹ lè ṣe é fúnra yín, ẹ sì lè dúró ti mẹkáníìkì kí ó ṣe é lójú yín. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ètò rẹ̀ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì ṣàn dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó má gbóná débi tí yóò bó yín lára. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé e sókè, ẹ fi ìdúró onírin sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láéláé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, nítorí pé ọ́ìlì tí a ti lò máa ń ṣe awọ ara ní ibi bí ó bá ń kàn án léraléra.

Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì lórí ẹ́ńjìnì, ẹ gbé agbada sí abẹ́, kí ẹ fi sípánà 14 tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì. Ẹ fi ọwọ́ tú u parí, kí ẹ yára yẹ ọwọ́ kúrò, nítorí pé ọ́ìlì yóò kọ́kọ́ tú jáde lọ sí iwájú kí ó tó rọ̀ wálẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í fún un ní márùn-ún. Ibí yìí sì ni àwọn kan ti máa ń sọ pé kí a da kẹrosíìnì tàbí dísù sínú ẹ́ńjìnì kí a fi fọ̀ ọ́. Ẹ má gbà. Kò sí bí a ṣe lè kó gbogbo rẹ̀ jáde tán, èyí tí ó bá sì kù yóò la ọ́ìlì tuntun tí ẹ fi owó yín rà. Ọ́ìlì tí ó dára tí a ń pààrọ̀ lásìkò yóò fọ ẹ́ńjìnì náà fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ó bá ń kán tótó, ẹ nu ojú nọ́ọ̀tì, ẹ fi wọ́ṣà tuntun sí i, kí ẹ dá a padà. 37 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń di nọ́ọ̀tì) ni Toyota kọ pé kí ó le tó, ìyẹn kò sì pọ̀: agbára ọwọ́ kan lórí sípánà kékeré ni. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà tàbí tí ó so páìpù mọ́ ọn ni ó máa ń ba ojú ìkọ́ rẹ̀ jẹ́, nígbà tí ó bá sì ti bàjẹ́, ọ́ìlì á máa jò lójoojúmọ́ ayé ọkọ̀ náà.

Ẹ tú fíltà àtijọ́. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé rọ́bà òrùka dúdú yẹn wà lára rẹ̀? Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì nígbà mìíràn. Bí a bá fi fíltà tuntun lé e lórí, rọ́bà á di méjì, gbogbo ọ́ìlì yín á sì tú sí ojú títì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá dá yín lójú, ẹ fi ìka bọ inú ọ́ìlì tuntun, ẹ fi pa rọ́bà fíltà tuntun yíká, ẹ fi ọwọ́ dì í títí tí yóò fi kan ojú ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kún un. A kì í fi irin-iṣẹ́ dì í.

Ẹ gbé àrọ sí ojú ihò òkè, kí ẹ rọ lítà 3.5 sí i. Mo mọ̀ pé lítà mẹ́rin ni kéègì tí ẹ rà, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì á sì fẹ́ dà á tán kí ó lè mú kéègì náà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó dà á tán. Ọ́ìlì tí ó bá pọ̀ jù máa ń kan irin tí ń yí ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, á hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ á sì wọ inú rẹ̀. Ẹ dé ìdérí, ẹ ta ọkọ̀ síná, kí ẹ wo iná pupa: ó gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ yọjú sí abẹ́ ọkọ̀ bóyá ohunkóhun ń jò lẹ́nu fíltà tàbí nọ́ọ̀tì, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fa géèjì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ bu ìyókù sí i títí tí yóò fi súnmọ́ àmì òkè. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta lítà kan ni yóò ṣẹ́ kù. Ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e sínú búùtù fún àbùkún ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ọjọ́, iye ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, irú ọ́ìlì, àti ìgbà tí ó kàn. Èyí náà tó. Bí ọkọ̀ yín bá ní iná tí ó kọ MAINT REQD, ìyẹn pé àkókò ìtọ́jú ti tó, ẹ mọ̀ pé iná yẹn kò wo ọ́ìlì rárá. Máìlì 5,000 ni ó ń kà, á sì tàn yálà a ti pààrọ̀ ọ́ìlì tàbí a kò pààrọ̀ rẹ̀. Láti dá a padà sí òdo lórí Corolla yìí, ẹ jẹ́ kí ojú òǹkà wà ní ODO (iye gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn), ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì òǹkà náà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìta ọkọ̀ síná. Ẹ má jọ̀wọ́ bọ́tìnì títí tí iná náà yóò fi kú.

Ó wá ku ọ́ìlì dúdú inú agbada. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀yìn ilé, pàápàá bí kànga bá wà nítòsí. Ẹ rọ ọ́ sínú kéègì àtijọ́ kan, kí ẹ fún àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù tàbí káfíńtà tí ń kan pákó kọnkéré, tí wọ́n ń fi í pa ara pákó kí sìmẹ́ńtì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kéègì tuntun tí ẹ bá lo ọ́ìlì inú rẹ̀ tán ní tirẹ̀, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìṣó gbígbóná gún ìdí rẹ̀ ní ihò méjì mẹ́ta, kí ẹ ya ìwé ara rẹ̀, kí ẹ tó jù ú sí ààtàn.